Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìsanra, kí ló ń mú kí ara tún tóbi padà? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ rèé

Fọ́tò méjì ló sábà máa ń wà lórí Instagram. Ti apá òsì, ara tóbi, ojú kún. Ti apá ọ̀tún, aṣọ ti fẹ̀ ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé oṣù mẹ́wàá péré ni. Fọ́tò kẹta, ìyẹn èyí tó yẹ kí wọ́n yà lọ́dún karùn-ún, ẹ ò ní rí i. Fọ́tò kẹta yẹn gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Iṣẹ́ abẹ ìsanra, tí àwọn dókítà ń pè ní bariatric surgery, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ nìkan mọ́. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London àti Houston ń ṣe é. Àwọn kan ń wọ bàálù lọ sí Turkey tàbí Íńdíà torí ẹ̀, àwọn mìíràn ń ṣe é ní ọsibítù aládàáni l'Ékòó àti l'Ábújá. Tí irú wọn bá wá ṣọdún nílé, ní Aládé wa níbí, ìbéèrè tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé kò sí o? Kí ló dé tó o fọn báyìí?" Tó bá wá di ọdún mẹ́ta sí i tí ara náà ń padà bọ̀, àwọn yìí kan náà ló máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé owó ti ṣòfò, pé ọ̀jẹun ò lè ṣe kó má jẹun.

Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló burú jù. Ẹni tí wọ́n bá ti ń pè ní ọ̀jẹun, ojú á máa tì í láti padà sọ́dọ̀ dókítà, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó lọ. Ohun tó ń mú ara tóbi padà pọ̀ ju ọ̀kánjúwà lọ, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Iṣẹ́ abẹ wo là ń sọ gan-an?

Oríṣiríṣi ni, àmọ́ méjì ló wọ́pọ̀ jù. Èkíní ni gastric sleeve. Wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí nínú ikùn, wọ́n á gbé e jáde. Èyí tó ṣẹ́kù á rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èkejì ni gastric bypass. Nínú tiẹ̀, wọ́n á ya apá kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyin adìẹ lọ, wọ́n á so ó mọ́ ìfun kékeré níwájú, oúnjẹ á wá fo ìyókù àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá. Edward Mason àti Chikashi Ito ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní yunifásítì Iowa, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1966.

Balúù tí wọ́n máa ń fẹ́ sínú àpòlúkù kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ní tòótọ́. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò kí wọ́n tó yọ ọ́. Àmọ́ ẹ fi í sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ṣòkòtò ò wọ̀ mọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún. Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ ìsanra ní Amẹ́ríkà àti ti àgbáyé gbé jáde ní 2022 sọ pé kí BMI èèyàn ti tó 35, tàbí kó tó 30 tó bá ní àtọ̀gbẹ. BMI ni ìwọ̀n ara ní kílò, tẹ́ ẹ fi gíga ní mítà pín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ga ní mítà 1.65, tó sì wọn kílò 96, ti kọjá 35 díẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni gbogbo ẹ̀ máa ń padà?

Rárá o. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ ká fara balẹ̀, torí àwọn tó ń tajà lórí TikTok ń sọ pé ìsanra ò ní padà láé, àwọn àbúrò ìyá wa sì ń sọ pé gbogbo ẹ̀ ló máa padà. Irọ́ ni méjèèjì.

Ìwádìí tó pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Sweden lọ́dún 1987. Ó lé ní 2,000 èèyàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, wọ́n sì fi wọ́n wé iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn dọ́gba tí wọn ò ṣe é fún. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé láàárín ọdún kan sí méjì, àwọn tó ṣe gastric bypass pàdánù ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn. Nígbà tó di ọdún kẹwàá, ó ti kù sí 25. Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn ṣe é. Tí ẹnì kan bá wọn kílò 130 lọ́jọ́ tó dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, ó máa sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 88. Tó bá fi máa di ọdún kẹwàá, ó ti tún gòkè dé 97 tàbí 98. Kílò mẹ́sàn-án ti padà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó ṣì fi kílò 32 dín sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, iye àwọn tó kú nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ náà sì kéré sí ti àwọn tí kò ṣe é.

Ìwádìí mìíràn tó wá láti ìpínlẹ̀ Utah l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 2017, sọ ohun tó jọ ọ́: kílò 45 ló lọ lọ́dún kejì, 36 ló ṣì wà nílẹ̀ pé ó lọ lọ́dún kẹfà, 35 lọ́dún kejìlá. Ìyẹn ni pé ara tún máa ń gòkè díẹ̀, á wá dúró. Díẹ̀ yẹn, ara ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó yẹ kó lọ yẹ ara ẹ̀ wò ni ẹni tí tiẹ̀ ò dúró, tó ń gòkè lóṣooṣù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tó ti lọ tún yọjú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹ rántí Diego Maradona. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbá kẹ́yìn fún Argentina, àwọn Super Eagles ló gbá a pẹ̀lú, lọ́jọ́ 25, oṣù Kẹfà, 1994, lọ́jọ́ tí Siasia ti kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé kí Caniggia tó fi méjì dá a padà. Lẹ́yìn tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ara rẹ̀ tóbi débi tí mímí di wàhálà. Ní 2005, ó lọ ṣe gastric bypass ní ìlú Cartagena, ní Colombia. Ó fọn gan-an, ó tiẹ̀ ń ṣe ètò orí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún náà pẹ̀lú kóòtù tó bá a mu. Ní 2007, wọ́n tún gbé e lọ sí ọsibítù ní Buenos Aires nítorí ọtí. Ara padà bọ̀. Nígbà tó fi máa di 2015, ó ti tún wà lórí tábìlì oníṣẹ́ abẹ, ní Maracaibo, Venezuela, fún bypass ẹlẹ́ẹ̀kejì. Owó kì í ṣe ìṣòro Maradona, òkìkí ò sì wọ́n ọn. Mo mú un wá síbí torí ọ̀rọ̀ ọtí yẹn, a máa dé ibẹ̀.

Ara ò mọ̀ pé ẹ sanwó láti fọn

Ohun tí ara mọ̀ ni pé ìyàn mú. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti ń kọ́ bí kò ṣe ní jẹ́ kí ìyàn pa èèyàn. Tí kílò púpọ̀ bá lọ láàárín oṣù díẹ̀, ó máa ń dín iná tó ń dá kù, bí ìgbà tí ìyá ẹni bá fa igi jáde nínú ààrò kí igi lè pẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo ètò Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní The Biggest Loser, níbi tí wọ́n ti ń díje láti fọn: àwọn olùwádìí kan tọ 14 nínú àwọn olùdíje náà lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ara wọn ń lo nǹkan bí kálórì 500 dín sí iye tó yẹ kó máa lò lójúmọ́. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó abọ́ iyán kan, ká má tíì ka ọbẹ̀. Àwọn yẹn ò ṣiṣẹ́ abẹ o, oúnjẹ àti ìdárayá ni wọ́n fi fọn. Iṣẹ́ abẹ ń dá ìyẹn dúró díẹ̀, torí ó ń yí àwọn họ́mónù tó ń fa ebi padà. Ghrelin, tó máa ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá, inú apá òkè àpòlúkù tí wọ́n gé dànù nínú sleeve ló ti ń wá jù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń sọ pé lọ́dún àkọ́kọ́ àwọn kì í rántí oúnjẹ. Àmọ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ebi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Kì í ṣe pé ẹni náà ti di aláìgbọràn. Ebi ló padà dé.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá. Ní 2008, àwọn olùwádìí láti Karolinska ní Sweden fi hàn pé lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìsanra fún èèyàn, iye sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá inú ara ẹ̀ kò dín. Wọ́n kàn súnkì ni. Ẹ rò ó bí àpò kòkó tí wọ́n tú ẹrù inú ẹ̀, tí wọ́n wá ká a sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Àpò ò lọ síbì kankan, ìkórè tó ń bọ̀ ló ń dúró dè.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kò sí lọ́wọ́ ẹni náà. Ẹni tí ara ẹ̀ ti tóbi gan-an kó tó ṣe é àti ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ, tiwọn máa ń tètè padà ju ti àwọn ẹlòmíì lọ. Àbùdá ìdílé náà ń kó ipa.

Ibi tí wọ́n gé àti ibi tí wọ́n rán

Nígbà mìíràn, inú iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ ni wàhálà wà. Àpòlúkù tí wọ́n sọ di ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè fẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ, pàápàá tí wọ́n bá fi apá òkè rẹ̀ sílẹ̀ jù. Nínú bypass, ojú ibi tí wọ́n ti so àpò kékeré yẹn mọ́ ìfun lè gbòòrò, oúnjẹ á wá máa yọ́ kọjá wéré, àyè ò ní sí fún èèyàn láti yó. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ ihò tún lè lu láàárín àpò kékeré àti àpòlúkù àtijọ́, kí oúnjẹ máa gba ọ̀nà tí wọ́n ti dí. Ẹ ò lè fọwọ́ kàn án mọ̀. Wọ́n ní láti fi kámẹ́rà kékeré gba ọ̀fun wọlé, tàbí kí wọ́n fún yín ní oògùn funfun kan mu kí wọ́n tó ya fọ́tò inú.

Ní ti balúù, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò gùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́, àpòlúkù dá padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń tà á fún yín láìsọ ìyẹn, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Oúnjẹ tí kò bá àpòlúkù jà

Àwọn èèyàn rò pé jíjẹ àjẹyó ló ń dá ìsanra padà. Ẹni tí wọ́n ti gé àpòlúkù ẹ̀ ò lè jẹ àjẹyó bí ti tẹ́lẹ̀. Òkèlè púpúrú mẹ́ta, ó ti tó, tí kò bá ní bì í. Èyí tó ń ṣe wọ́n ni ìpanu. Ẹ̀pà díẹ̀ láàárọ̀, púfúpúfù méjì nígbà tí iná ò sí, chin-chin lẹ́nu iṣẹ́, gúgúrú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kò jókòó jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹ̀ ò dákẹ́. Ìwádìí lóríṣiríṣi ti so irú ìpanu àpájẹ yìí mọ́ ìsanra tó ń padà.

Èkejì ni ohun olómi àti ohun rírọ̀. Adìẹ ìbílẹ̀, ẹja gbígbẹ, ẹ̀wà, wọ́n máa ń pẹ́ nínú àpò kékeré yẹn, èèyàn á sì mọ̀ pé òun ti jẹun. Ice cream, kọ́sítádì olómílíkì, mọ́ọ̀tì, ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n kàn ń ṣàn kọjá ni. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan lè ní ṣúgà tó ju ṣíbí tíì mẹ́wàá lọ, kò sì ní gba àyè kankan. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ fi ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà inú àwo, kí gíráàmù purotéènì wọn má dín sí 60 lójúmọ́, kí wọ́n sì má da omi lé oúnjẹ. Kí wọ́n fún un ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn ni ẹran máa ń wà. Wọ́n á jẹ òkèlè tán kí wọ́n tó yíjú sí ẹran. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ abẹ yìí ní láti yí i padà, kódà kí ìyá ẹ̀ máa wò ó bí ẹni tí ò ní ẹ̀kọ́.

Ṣúgà tún ní ọgbọ́n burúkú kan fún àwọn tó ṣe bypass. Tó bá wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan, àyà á máa já, òógùn á bò wọ́n. Lẹ́yìn wákàtí kan sí mẹ́ta, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Kí ni wọ́n á fi wò ó? Ohun dídùn mìíràn. Báyìí ni á ṣe máa yí po.

Ọtí ńkọ́? Lẹ́yìn bypass, ọtí máa ń yára wọ ẹ̀jẹ̀, ó ń lágbára ju ti tẹ́lẹ̀, kì í sì í tètè kúrò lára. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2012 l'Amẹ́ríkà fi hàn pé wàhálà ọtí pọ̀ sí i lọ́dún kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ẹni tó ti ní wàhálà ọtí tàbí oògùn olóró tẹ́lẹ̀, bíi ti Maradona, ó yẹ kí wọ́n ti jíròrò ẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ. Paràgà náà wà ńbẹ̀ o. Àwọn tó ń sọ pé àwọn ò mutí, tí wọ́n ń mu ọ̀pá ẹ̀yìn láràárọ̀, ọtí ni wọ́n ń mu.

Ọkàn, oorun àti oògùn mìíràn

Àwọn kan wà tí oúnjẹ ni wọ́n fi ń pa ìbànújẹ́ rẹ́. Iṣẹ́ abẹ ò dé ọkàn. Ohun tí àwọn olùwádìí rí ni pé ẹni tó bá ń jẹun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bí ẹni tí ọwọ́ ara ẹ̀ ò ká mọ́, tí kò lè dúró bó ti wù kí oúnjẹ náà kéré mọ, òun ni ìsanra sábà máa ń padà sí lára jù. Ìsoríkọ́ tí wọn ò tọ́jú náà ń dá kún un. Oníṣègùn ọpọlọ tàbí onímọ̀ ìrònú ló yẹ kó rí i. Àdúrà nìkan ò tó, bí mo tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí gbólóhùn yìí.

Àwọn oògùn kan wà tó ń mú èèyàn sanra: insulin, oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù, àwọn kan nínú oògùn ọpọlọ, abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ẹ bi dókítà bóyá òmíràn wà. Oyún náà ń kó kílò wá. Wọ́n ń gba obìnrin nímọ̀ràn pé kó dúró fún oṣù 12 sí 18 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kó tó lóyún, ó sì yẹ kó mọ̀ pé bí ara ṣe ń fọn, oyún lè tètè dúró ju bó ṣe rò lọ. Àìsùn tó, bíi ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, ń fi kún ebi.

Ìdárayá ńkọ́? Ẹran ara máa ń bá ọ̀rá lọ nígbà tí èèyàn bá ń fọn, ẹran ara yẹn ló sì ń jó kálórì. Rírìn, gbígbé nǹkan wúwo, gígun òkè, gbogbo ẹ̀ ló ń dá a dúró. Àwa tá a wà ní Ìdànrè ò nílò jíìmù olówó ńlá. Àtẹ̀gùn 682 ló wà lára òkè wa, ibi ìsinmi sì wà lọ́nà fún ẹni tí èémí ẹ̀ bá gé.

Ta ló máa rí yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dé?

Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo tó yẹ kó kan ẹni tó ń gbé Nàìjíríà jù, èyí ni mo máa mú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ni pé kí ọsibítù tó ṣe é máa rí èèyàn fún ọdún méjì ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ẹni tó bá lọ ṣe é ní Turkey fún ọ̀sẹ̀ kan, tó sì fò padà wálé, WhatsApp ló ní. Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá ti gba owó tán, WhatsApp náà á dákẹ́.

Lóòótọ́, àwọn tó ń yọjú sí dókítà déédéé máa ń ṣe dáadáa jù nínú ìwádìí. Mi ò ní sọ pé yíyọjú ló ń jó ọ̀rá. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí nǹkan ń lọ dáadáa fún ni ojú ò tì láti lọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tètè rí kílò mẹ́ta kó tó di mẹ́tàlá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí àìtó ẹ̀jẹ̀, àìtó fítámì B12, irin àti kálíṣíọ̀mù, torí ara ò gba wọ́n dáadáa mọ́, títí láé sì ni wọ́n á máa lò ó. Ẹni tó ń bì léraléra kó má fi àgbo wò ó, kó sáré lọ sí ọsibítù: àìtó fítámì B1 lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹni tó ṣe bypass kó yàgò fún diclofenac, ibuprofen àti Alábùkún, tí ásípírìn wà nínú ẹ̀. Ọgbẹ́ inú ni wọ́n ń fà.

Láti Aládé sí Àkúrẹ́ ò jìnnà. Ilé ìwòsàn ńlá UNIMED wà níbẹ̀, wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà tó mọ̀ nípa àtọ̀gbẹ àti họ́mónù lè tọ́jú èèyàn, kódà bí kì í bá ṣe òun ló ṣiṣẹ́ abẹ náà. Kẹ́ ẹ tó san owó ìrìn àjò lọ sókè òkun, ẹ ti mọ dókítà tó máa rí yín níbí. Ẹ ya owó àyẹ̀wò àti fítámì ọdún márùn-ún sọ́tọ̀, torí àpò ara yín ló máa ti jáde. Tí owó ò bá tó méjèèjì, èmi ò ní ṣe é lọ́dún yẹn.

Àwọn ará ilé náà ní ipa tiwọn. Lọ́dọ̀ wa, ara tó kún ni ẹ̀rí pé ayé dùn. Bí kílò ṣe ń padà, àwọn èèyàn á máa yìn ín pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, o ti ń rí bí èèyàn báyìí." Wọ́n á fi àsun àti bíà tutù lé e lọ́wọ́ níbi ìnáwó, tó bá kọ̀ ọ́, agbéraga ni. Aya tàbí ọkọ tó bá mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ náà, tó sì ń jẹ irú oúnjẹ kan náà nínú ilé, wúlò ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ. Àwọn tó fi iṣẹ́ abẹ náà pamọ́ fún gbogbo ayé, tiwọn ló le jù, torí wọn ò lè ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi lè jẹ abọ́ tí ìyá ọkọ gbé síwájú wọn.

Tó bá ti ń padà ńkọ́?

Ẹ má lọ ra tíì ìfọnra lọ́jà. Èyí tó ní senna nínú, ìgbẹ́ ló ń fà, kì í mú ọ̀rá lọ. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó máa bèèrè oúnjẹ, ọtí, oorun àti oògùn yín, ó sì lè ní kí wọ́n wo inú àpòlúkù. Abẹ́rẹ́ tuntun bíi semaglutide wà báyìí, àwọn dókítà sì ń lò ó fún ẹni tí ìsanra ń padà sí lára. Ó wọ́n, ó sì ní tiẹ̀: nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe nípa ẹ̀, àwọn tó dá a dúró gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n pàdánù padà láàárín ọdún kan. Wọ́n tún lè ṣiṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì, bíi kí wọ́n sọ sleeve di bypass. Ewu tiẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò yẹ kó jẹ́ ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ sáré sí.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ náà dání, èyí tó sọ irú ẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ kọ kílò yín ọjọ́ náà sílẹ̀, èyí tó kéré jù tẹ́ ẹ dé, àti ti ìsinsìnyí. Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo. Tó bá jẹ́ òkè òkun lẹ ti fẹ́ ṣe é, ẹ rí i pé wọ́n kọ ìwé yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì kẹ́ ẹ tó wọ bàálù.